Láti Ọwọ́ Afọ̀nàhanni dé Ohùn Fóònù: Ìtàn Ìrìn Ẹsẹ̀ Àwọn Afọ́jú ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Gbogbo ẹni tí ń rìn lórí ilẹ̀ ni òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó bá afọ́jú wí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ìbéèrè ni ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá ti jáde nílé. Ẹni tí ó ríran lè rìn láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábàá láì la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ríran gbọ́dọ̀ máa bèèrè ní gbogbo ìṣísẹ̀: yóò bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn, lọ́wọ́ ọ̀pá, lọ́wọ́ ilẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, lọ́wọ́ ariwo àti òórùn. Láti ọdún 2009 ni ohun mìíràn ti kún àwọn tí ó ń bi léèrè, èyí ni fóònù ìgbàlódé tí ó lè ka ohun tí ó wà lójú ara rẹ̀ síta, tí ó sì lè sọ orúkọ títì tí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ dúró sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ fóònù yìí bí ẹni pé ọjọ́ tí ó dé ni ìtàn ìrìn afọ́jú bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn náà láti ẹ̀yìn wá ní àdúgbò mẹ́ta tí wọ́n fara kínra ní Èkó, èyí ni Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé irinṣẹ́ tuntun kò tíì lé irinṣẹ́ àtijọ́ lọ rí. Ó tún fi hàn pé irinṣẹ́ kì í níye lórí ju ẹ̀kọ́ tí ẹni tí ń lò ó gbà àti ọ̀nà tí ó ń tọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọwọ́ olùkọ́ ni ẹ̀kọ́ náà wà.

2.0 Ọwọ́ Ọmọdé Lórí Ọ̀pá

Nínú agbo ilé àtijọ́, afọ́jú kì í ṣe àlejò sí ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Etí rẹ̀ mọ ìró odó ilé kejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá a máa kí i, ohùn ìkíni náà a sì máa sọ ibi tí ó dé fún un. Ìgbà tí ó bá fẹ́ rìn jìnnà ni ó nílò afọ̀nàhanni. Ọmọdé ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń já lé lọ́wọ́. Ọmọ náà a di orí ọ̀pá kan mú, afọ́jú a di ìdí rẹ̀ mú, wọn a sì jọ máa lọ.

Nígbà tí Èkó gbilẹ̀, ọ̀nà yìí bá àwọn ènìyàn wọ ìgboro. Ní ẹnu ọjà, ní ibùdókọ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, kì í ṣe ohun tuntun láti rí afọ́jú tí ọmọdé ń fà lọ, yálà wọ́n ń ṣe agbe tàbí wọ́n ń lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Ó rọrùn láti wo èyí kí ènìyàn sì rí àánú nìkan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni ìrìn náà ń ná ní nǹkan. Afọ́jú kò lè lọ sí ibi tí ọmọ kò bá fẹ́ lọ, ọmọ náà kò sì lè lọ sí ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Múṣin wà lábẹ́ ìjọba yẹn nígbà náà. Ní 1957 ni irú ètò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tí ó jẹ́ olú-ìlú àpapọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ tí ó di orí ọ̀pá mú ti di ọmọ tí àyè rẹ̀ ṣófo ní kíláàsì. Bí ọmọ bá wọ kíláàsì, ta ni yóò mú afọ́jú rìn? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára nínú àwọn méjèèjì: kí afọ́jú kọ́ bí a ti ń dá rìn.

3.0 Títì Tí Wọ́n Là àti Ọ̀nà Tí Ó La Ara Rẹ̀

Kí ènìyàn tó lè dá rìn, ó yẹ kí ó mọ irú ilẹ̀ tí ó ń rìn lórí rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ìtàn kan náà.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí LEDB. Ìgbìmọ̀ yìí ló fi okùn wọn ilẹ̀ Yábàá, tí ó la títì rẹ̀ tọ́ọ́rọ́, tí ó sì pín in sí ojúlé. Ní 1955, ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí wọ́n fún mọ́ra ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣèwádìí nípa àwọn tí wọ́n kó lọ wọ̀nyí, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó ṣàlàyé pé ìṣípòpadà náà tú ẹbí ká, ó sì mú kí owó ọkọ̀ di ẹrù lé àwọn tí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn tẹ́lẹ̀ lórí.

Múṣin yàtọ̀. Ààlà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà títí di ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967. Àwọn tí wọ́n wá iṣẹ́ wá sí Èkó tí wọn kò rí ilé tí agbára wọn ká ló kún ibẹ̀. Olówó kọ̀ọ̀kan ra ilẹ̀, ó kọ́lé sí i, ọ̀nà sì gba ibi tí ilé bá fi sílẹ̀. Èyí ló fà á tí títì mìíràn fi ń wọ́ kọrọ, tí òmíràn sì ń parí sí ẹ̀yìnkùlé onílé láì ròtẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó ríran lè má ka ìyàtọ̀ yìí sí nǹkan kan. Ní ti afọ́jú, òun gan-an ni àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Títì tí ó lọ tààrà ṣeé kà: ẹ̀ẹ̀kejì lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́wọ́ òsì. Ọ̀nà tí ó ń wọ́ kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Yábàá àti Sùúrùlérè rọrùn kí Múṣin sì le. Ní ọ̀nà tóóró Múṣin, ènìyàn wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ di òru. Ìbéèrè kì í pẹ́ rí ìdáhùn níbẹ̀. Ní àwọn ilé tuntun Sùúrùlérè, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kò mọ ara wọn. Títì tọ́ọ́rọ́ dára fún ọ̀pá. Àdúgbò tí ó kún fún ohùn dára fún ìbéèrè. Afọ́jú tí ó bá ń gba àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà méjèèjì.

4.0 Ọ̀pá Funfun àti Ilé-ẹ̀kọ́

Ọ̀pá kì í ṣe ohun àjèjì sí afọ́jú ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pá funfun ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1921, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ James Biggs, tí ojú rẹ̀ fọ́ nínú ìjàǹbá, kun ọ̀pá rẹ̀ ní funfun kí àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń pọ̀ sí i ní àdúgbò rẹ̀ lè tètè rí i. Ní 1931, Guilly d'Herbemont pín irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Paris. Títí di ìgbà yẹn, àmì ni ọ̀pá funfun jẹ́: ó ń sọ fún ẹni tí ó ríran pé afọ́jú ń bọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1944 ni Richard Hoover, tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ojú wọn fọ́ lójú ogun, sọ ọ́ di ohun tí ń sọ̀rọ̀ fún afọ́jú fúnra rẹ̀. Ó mú kí ọ̀pá náà gùn, kí ó sì fúyẹ́. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa jù ú láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ẹnu ọ̀pá máa kan ilẹ̀ lápá òsì nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wà níwájú, kí ó sì máa kan apá ọ̀tún nígbà tí ẹsẹ̀ òsì bá wà níwájú. Báyìí, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ tí ọ̀pá kò tíì bá a yẹ̀ wò. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà ya ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀ fún ọ̀pá funfun, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń ṣe àyájọ́ náà títí di òní.

Ní Nàìjíríà, ilé-ìwé fún àwọn ọmọ afọ́jú ti wà ní Gindiri ní apá Àríwá láti 1953. Ní Èkó, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Afọ́jú Nàìjíríà tí ó wà ní Òṣòdì sílẹ̀ ní 1955, ọdún kan náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn tí ojú wọn fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà ni ilé ìkọ́ṣẹ́ wọn ń gbà jù lọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé Braille, títẹ ẹ̀rọ ìkọ̀wé, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìrìn. Ní 1962, ìjọ Àgùdà ti Èkó dá ilé-ìwé Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè fún àwọn ọmọ tí kò ríran àti àwọn tí ìríran wọn kò tó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, ó ya abala kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ó di Federal College of Education (Special) sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kí àwọn olùkọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà lè wà.

Ẹ̀kọ́ ìrìn pín sí apá méjì. Apá kìíní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí ó wà. Apá kejì ni kí ó lè kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn láì farapa. Apá kejì ni ọ̀pá wà fún. Apá kìíní jẹ́ iṣẹ́ etí, imú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti làákàyè, olùkọ́ ìrìn a sì máa fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí ibi tí kò ní àmì. Ẹ̀rọ ìlọta ní ìró tirẹ̀. Òórùn àkàrà ní ìdájí kì í ṣí kúrò ní ìdí agbada. Ìró irin lára irin ń sọ pé ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin kò jìnnà mọ́. Àwọn kọ̀ńdọ́ dáńfó tí wọ́n ń pe "Ojúẹlẹ́gba! Yábàá! Òyìngbò!" ń ṣiṣẹ́ fún afọ́jú láì mọ̀ ọ́n: wọ́n ń pe orúkọ ibi tí ó wà àti ibi tí ó kàn ní ohùn rara, pẹ̀lú ohùn Yorùbá tí kò ṣeé ṣì gbọ́. Èkó ti ní àwòrán ilẹ̀ tí etí ń kà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan fóònù.

5.0 Bí Fóònù Ṣe Di Afọ̀nàhanni

Ohun mẹ́ta ló pàdé kí fóònù tó lè fọ̀nà han ènìyàn. Èkíní ni sátẹ́láìtì. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí Amẹ́ríkà fi sókè ń rán àkókò wá sílẹ̀. Fóònù a gba ìròyìn lọ́dọ̀ mẹ́rin ó kéré tán, a sì fi ìyàtọ̀ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dé ṣírò ibi tí òun wà. Títí di ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìròyìn tí ará ìlú ń gbà rú, tí ó fi lè ṣì tó nǹkan bíi mítà 100. Mítà 100 kò wúlò fún ẹlẹ́sẹ̀ rárá. Ó tó láti fi gbé ènìyàn kúrò ní títì kan sí òmíràn. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ìdarú náà dúró.

Èkejì ni fóònù alágbèéká. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ó jẹ́ ohun ayọ̀ fún afọ́jú gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé ẹni tí ó ṣìnà lè pe ilé. Ṣùgbọ́n fóònù ìgbà náà tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè sọ̀rọ̀: afọ́jú lè fi ìka mọ nọ́ńbà tí ó ń tẹ̀, kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wọlé. Ọmọdé ni yóò tún pè kí ó wá kà á fún òun. Gbogbo ìwé rẹ̀ sì di ohun tí ojú ẹlòmíràn kọ́kọ́ ń rí.

Ẹ̀kẹta ni ètò tí ń ka ojú fóònù síta. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Apple fi èyí tí ó ń jẹ́ VoiceOver sínú fóònù iPhone rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Google fi TalkBack sínú Android. Gíláàsì fóònù wọ̀nyí tẹ́jú, kò ní bọ́tìnnì tí ìka lè mọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé yóò ti afọ́jú sẹ́yìn. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Bí ìka bá ti ń rìn lójú gíláàsì, ohùn a máa sọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìka náà. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ a di ṣíṣe. Nígbà tí fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kún ọjà, ohun èlò tí afọ́jú ìlú òyìnbó ń ra lówó gọbọi di ohun tí ó wà nínú fóònù tí gbogbo ayé ń lò.

Láti ìgbà náà ni àwọn áàpù ti ń tẹ̀lé ara wọn. BlindSquare dé ní 2012 láti ilẹ̀ Finland. Ó ń sọ àwọn ilé àti ìkóríta tí ènìyàn ń kọjá. Be My Eyes, tí Hans Jørgen Wiberg ará Denmark dá sílẹ̀, dé ní 2015. Ó ń so afọ́jú pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ríran níbikíbi láyé, kí onítọ̀hún fi kámẹ́rà fóònù wo ohun tí ó wà níwájú kí ó sì sọ ọ́. Ní 2017, Microsoft gbé Seeing AI jáde, èyí tí ń ka ìwé àti àkọlé. Ní 2018, ó gbé Soundscape jáde, èyí tí ń mú kí ohùn ilé kọ̀ọ̀kan dún láti apá ibi tí ilé náà wà gan-an. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, Google fi ìtọ́sọ́nà tí ó kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ẹlẹ́sẹ̀ tí kò ríran sínú máàpù rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Japan ní èdè wọn ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Èkó kò sí níbẹ̀.

6.0 Ibi Tí Fóònù Ti Dákẹ́

Lábẹ́ òfuurufú gbalasa tí kò sí ohun tí ó dí i, fóònù ìgbàlódé máa ń mọ ibi tí ó wà pẹ̀lú àṣìṣe nǹkan bíi mítà 4.9. Lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, tàbí láàárín ilé gíga méjì, àṣìṣe náà a pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún awakọ̀, mítà márùn-ún kò já mọ́ nǹkan. Fún ẹlẹ́sẹ̀ tí kò ríran, mítà márùn-ún ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ títì àti àárín títì. Ìbú gọ́tà tí kò ní ìdérí kì í tó mítà márùn-ún; bẹ́ẹ̀ ni ihò tí wọ́n gbẹ́ síta lánàá kò sí nínú máàpù kankan. Ní àsìkò òjò, nígbà tí omi bá bo títì àti gọ́tà tí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà, ẹnu ọ̀pá nìkan ló lè sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Fóònù mọ orúkọ títì. Kò mọ ohun tí ó wà níwájú ẹsẹ̀.

Èdè ni ìṣòro kejì. Bí a bá kọ "Ojo" sára àkọlé láì fi àmì sí i, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá Òjó tí í ṣe orúkọ ènìyàn ni tàbí Ọ̀jọ́ tí í ṣe ìlú. Ohùn tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kì í bọ̀wọ̀ fún ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, orúkọ tí ó bá pè sì lè ṣàjèjì sí ẹni tí a bí sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Sùúrùlérè gan-an. Ní 2019, Google gbé ohùn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà jáde fún máàpù rẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ó dá YorubaName.com sílẹ̀ ní 2015, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ìgbésẹ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ló ní láti kọ́ ọ.

Ìṣòro kẹta ni ti ara àti ti owó. Etí ni ojú afọ́jú. Bí ó bá fi ohun àfetígbọ́ dí méjèèjì, kò ní gbọ́ ọkọ̀ tí ń bọ̀. Bí ó bá gbé fóònù lọ́wọ́ ní gbangba, olè lè já a gbà, kò sì ní mọ ibi tí olè gbà. Bátìrì a máa kú níbi tí iná kò sí. Dátà a máa tán. Áàpù fúnra rẹ̀ sì lè kú: ní 2023, Microsoft dáwọ́ Soundscape dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi iṣẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ó bá ti ju ọ̀pá nù nítorí áàpù yóò padà wá ọ̀pá lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ìrìn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú fóònù.

7.0 Òfin àti Ojú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kò parí sí ọwọ́ afọ́jú, nítorí pé kì í ṣe òun ló la títì. Ní 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Abala 9 rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa kí ibi gbogbo ṣeé dé, abala 20 sì sọ̀rọ̀ nípa kí wọ́n lè máa rìn fúnra wọn. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn náà ní 2010. Ní 2011, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀, ó sì dá iléeṣẹ́ LASODA sílẹ̀ láti máa mójú tó o. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí ó sì fún àwọn ilé ìjọba àti ti gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024. Ní 2019 kan náà, wọ́n yan Danlami Basharu, afọ́jú ọmọ Nàìjíríà tí ó ń darí ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ afọ́jú kan ní Èkó, ní alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó àdéhùn náà. Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin, kò sì ṣaláìní ẹni tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé.

Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Pupa ti Èkó jẹ́ àpẹẹrẹ bí ìdàgbàsókè ṣe ń kan ìrìn afọ́jú. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 2024. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún náà, ọjọ́ àyájọ́ ọ̀pá funfun gan-an. Ó ní ibùdó ní Òyìngbò, Yábàá, Múṣin àti Òṣòdì, wọ́n sì kọ́ afárá ọkọ̀ sí àwọn ibi tí títì ti ń dábùú ojú irin tẹ́lẹ̀. Ewu ọkọ̀ ojú irin dínkù báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà àtijọ́ láti ọdún pípẹ́ ní láti tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yí títì padà, ẹni tí ó ríran yóò rí i lọ́jọ́ náà; afọ́jú yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá kọsẹ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá sọ fún un.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé irinṣẹ́ mẹ́ta ni afọ́jú ní ní ìgboro Èkó lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Fóònù ń sọ ibi tí ó wà. Ọ̀pá ń sọ ohun tí ó wà níwájú ẹsẹ̀. Ènìyàn ń sọ ohun tí ó yí padà láàárọ̀ yìí. Èyíkéyìí tí ó bá gba iṣẹ́ èkejì ṣe yóò gbé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e jù sínú gọ́tà.

Ó tẹ̀lé e pé iṣẹ́ wà fún olùkọ́ àti fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Èkíní, kí a má ṣe fi fóònù dípò ẹ̀kọ́ ìrìn. Kí ọmọ mọ ọ̀pá lò dáadáa kí a tó fi fóònù kún un, kí a sì kọ́ ọ láti fi etí kan sílẹ̀ fún títì. Èkejì, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ríran kọ́ bí a ti ń ran afọ́jú lọ́wọ́: kí wọ́n kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, kí wọ́n má ṣe gbá a lọ́wọ́ mú wọ́ sọdá títì. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ àdúgbò pẹ̀lú àmì ohùn tí ó yẹ, nítorí pé àmì tí akẹ́kọ̀ọ́ kà sí wàhálà nínú kíláàsì ni ẹ̀rọ yóò fi mọ orúkọ pè fún ẹni tí kò lè ka àkọlé. Ẹ̀kẹrin, máàpù OpenStreetMap, tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní 2004, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kọ nǹkan sí, inú rẹ̀ sì ni Soundscape ti ń mú orúkọ ilé àti títì. Kíláàsì kan ní Yábàá tàbí ní Múṣin lè fi ọ̀sán kan ṣoṣo kọ ibùdókọ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti ibi ìsọdá títì inú àdúgbò wọn síbẹ̀. Ohun tí wọn kò bá kọ, kò sí ohùn kankan tí yóò lè sọ ọ́.

Nígbà kan, ọmọdé ni ó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí afọ́jú lè rìn. Nísinsìnyí, ẹ̀kọ́ ọmọdé gan-an lè di ohun tí afọ́jú yóò fi máa rìn. Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí a bi kò bá mọ ọ̀nà, ṣíṣìnà ni àwọn méjèèjì yóò ṣìnà.